Híjáàbù kò dí Nouhaila Benzina lọ́wọ́, ẹ má fi dí àwọn ọmọ wa

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yín. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín ní Ìwó níbí, ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ lónìí ni lẹ́tà bàbá kan tí ẹ gbé jáde lójú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún èrò àwọn òǹkàwé. Bàbá náà ní kí àwa olùkọ́ eré ìdárayá yéé kó àwọn ọmọbìnrin tó ń lo híjáàbù lọ sórí pápá. Wọ́n ní híjáàbù àti eré sísá kò lè gbé ara wọn, pé ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kó ṣí orí, ẹni tó bá fẹ́ bo orí kó jókòó ti ìyá rẹ̀. Wọ́n wá fi kún un pé kò sí obìnrin kankan tó fi híjáàbù gbá Ife Àgbáyé rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Ó wà, bàbá. Nouhaila Benzina ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, mo sì bẹ olóòtú kí wọ́n fún mi láyè, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ tó wà níwájú mi ní kíláàsì lójoojúmọ́.

Ọmọ Lárúbáwá ni Benzina, láti orílẹ̀-èdè Mòrókò. Ìlú Kenitra ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1998, ìlú tí kò jìnnà púpọ̀ sí Rabat, olú ìlú wọn. Ẹ̀yìn ló ń gbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó dènà, kí ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ wá gbá a sílé, kí ọkàn aṣọ́lé lè balẹ̀. Iṣẹ́ tí kì í sábà gbé orúkọ ènìyàn sínú ìwé ìròyìn nìyẹn, nítorí pé ẹni tó gbá a wọlé ni gbogbo ayé máa ń gbé sọ́rùn. AS FAR, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ogun Mòrókò tó fi Rabat ṣe ibùjókòó, ni orúkọ rẹ̀ ti dún. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré rárá. Ní ọdún 2022, wọ́n gba Champions League àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, góòlù 4 sí òdo ni wọ́n fi lu Mamelodi Sundowns ti South Africa, àwọn tí ife náà wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún tó ṣáájú.

Ọjọ́ tí ayé mọ̀ ọ́n ni ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2023. Ọjọ́ Àìkú ni, ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, ìdájí ni lọ́dọ̀ tiwa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán nínú ilé mi ni, mo ní kí àwọn ọmọ má padà lọ sùn, kí wọ́n wá wo nǹkan. Mòrókò àti Gúúsù Kòríà ló fẹ́ pàdé. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń jáde bọ̀ lójú ọ̀nà, ọmọ mi obìnrin tó kéré jù na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Màámi, ẹ wò ó, ó wọ ti ilé kéú!” Híjáàbù funfun ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí fún Mòrókò kí wọ́n tó dé ọjọ́ yẹn, kí ẹ lè mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Àwọn ni orílẹ̀-èdè Lárúbáwá àkọ́kọ́ tó dé Ife Àgbáyé àwọn obìnrin. Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, Jámánì ti fi góòlù 6 sí òdo nà wọ́n ní Melbourne, orí bẹ́ǹṣì ni Benzina sì wà títí eré náà fi parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé kí ni wọ́n tilẹ̀ wá ṣe níbẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Reynald Pedros ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá kó Benzina mọ́ àwọn 11 tó máa bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Ibtissam Jraïdi fi forí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Góòlù kan yẹn ni wọ́n wá ń ṣọ́ títí fèrè ìkẹyìn fi dún, ṣíṣọ́ góòlù sì ni iṣẹ́ àwọn ará ẹ̀yìn. Góòlù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan gbá wọlé nínú ìdíje náà nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n borí nìyẹn, obìnrin tó fi híjáàbù gbá Ife Àgbáyé àwọn àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ sì wà lórí pápá níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n fi góòlù kan sí òdo borí Kòlóḿbíà ní Perth. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí fèrè ti dún. Jámánì àti Kòríà ṣì ń gbá tiwọn lọ ní ìlú mìíràn, bí Jámánì bá sì borí, Mòrókò ń lọ sílé nìyẹn. Gbogbo wọn kóra jọ sáàárín pápá, wọ́n sún mọ́ra wọn yí fóònù ká, wọ́n ń wo ìyókù ìṣẹ́jú. Nígbà tó parí sí ọ̀mì, 1 sí 1, ariwo sọ, ẹkún ayọ̀ sọ. Jámánì tó lù wọ́n ní góòlù 6 ló padà sílé. Mòrókò tẹ̀ síwájú.

Bàbá lè sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọdún 2023 ni ẹyọ kan náà tó dé. Òfin ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè dé. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn.

Ní ọdún 2007, wọ́n lé ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan kúrò lórí pápá ní Kánádà nítorí pé ó bo orí. Àwọn tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ohun tí rẹfirí ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, àwọn obìnrin Ìráànì dé Amman, olú ìlú Jọ́dánì, láti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àyè sí ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti múra, wọ́n ti jáde. Àwọn tó ń darí eré ní àfi kí wọ́n ṣí orí, àwọn ọmọ Ìráànì ní àwọn kò ní ṣí i, ni wọ́n bá fún Jọ́dánì ní góòlù 3 sí òdo láìgbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ Jọ́dánì fúnra wọn pàdánù níbẹ̀, nítorí pé mẹ́ta nínú wọn tó ń lo híjáàbù ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n múra eré lọ́jọ́ náà. Mo rántí àwòrán àwọn ọmọ Ìráànì tó ń sunkún nínú ìwé ìròyìn. N kò tíì di olùkọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ ọba Jọ́dánì kan, Ali bin al-Hussein, tó wà lára àwọn igbákejì ààrẹ FIFA nígbà náà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí. Wọ́n ti ń sọ pé ìbòrí lè fún ọrùn, pé ó lè pa ènìyàn lára. Wọ́n wá rán irú èyí tí kò ní pín-ìnnì, tí kò ní ìdè, tí yóò já bọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fà á. Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n gbà kí wọ́n dán an wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Jọ́dánì gba àlejò Ife Àgbáyé àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, Rand Albustanji tó jẹ́ aṣọ́lé wọn àti Tasneem Abu-Rob sì fi híjáàbù gbá a. Wọn kò rí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ wọ́n wọ inú ìwé ìtàn. Nígbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu òfin yẹn, Benzina kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Ká ní òfin náà pẹ́ sí i ni, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù, nítorí pé ohun tí ojú mi ń rí nìyẹn. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kì í gbá eré kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ tó ń fẹ́ràn eré tó mọ̀ ní kékeré pé èyí ni òun máa gbá dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dára kí a so ó mọ́ ẹyọ kan kí egungun rẹ̀ tó gbó. Mo ní ọmọ kan ní SS 2. Ní ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, ẹ̀yìn bíi ti Benzina. Ní ọjọ́rú, háńdíbọ́ọ̀lù ni, apá rẹ̀ le débi pé àwọn ọmọkùnrin ń bẹ̀rù àtidúró sílé fún un. Bí ìdíje láàárín ilé sí ilé bá dé, òun ló ń gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ń fi híjáàbù ṣe. Ohun tó kọ́ nínú háńdíbọ́ọ̀lù, bí ènìyàn ṣe ń lo èjìká láti fi dènà ọ̀nà láìṣẹ̀ sófin, mo ń rí i lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Eré sísá ló fún un lẹ́sẹ̀ tó fi ń lé àwọn tó bá ti kọjá rẹ̀ bá.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ìbòrí ń dà láàmú jù, nítorí pé eré kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ẹ wo ọdún 2014 kan náà tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn obìnrin Kátà lọ sí ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ní Incheon ní Gúúsù Kòríà láti gbá basikẹ́tìbọ́ọ̀lù. Wọ́n fẹ́ bá Mòǹgólíà gbá. Àwọn tó ń darí eré ní kí wọ́n ṣí híjáàbù, àwọn ọmọ Kátà kọ̀, wọ́n sì kó ẹrù wọn kúrò nínú ìdíje náà. Ó di oṣù karùn-ún ọdún 2017 kí àjọ basikẹ́tìbọ́ọ̀lù àgbáyé tó yí òfin wọn padà, oṣù kẹwàá ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wá rò ó wò: odidi ọdún mẹ́ta ni ọmọ tó ń gbá eré méjèèjì yìí fi jẹ́ pé ohun tó wà lórí rẹ̀ bófin mu lórí koríko, tó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Orí kan náà ni, aṣọ kan náà ni.

Ní àárín ọdún mẹ́ta yẹn náà ni Doaa Elghobashy ọmọ Íjíbítì dé Òlíḿpíìkì ìlú Rio ní ọdún 2016. Fọ́líbọ́ọ̀lù orí yanrìn ni tirẹ̀, eré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń gbá a. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó wọ ṣòkòtò gígùn, ó wọ aṣọ alápá gígùn, ó bo orí. Nada Meawad tí wọ́n jọ gbá wọ aṣọ gígùn bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò bo orí. Àwọn ọmọ Jámánì méjì tí wọ́n bá pàdé wọ ti wọn. Wọ́n gbá a, ó tán, kò sí ẹni tó kú. Àwòrán wọn níbi tí wọ́n ti jọ fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, ẹni tó bora níhà kan, ẹni tí kò bora níhà kejì, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi tó wà ní SS 2 yìí. A lọ síbi ìdíje kan láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́, n kò ní sọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ láàárọ̀, kò sí ẹni tó bá a sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sán, háńdíbọ́ọ̀lù kàn wá, ẹni tó ń darí eré náà ní kó lọ ṣí orí rẹ̀. Mo bi wọ́n pé òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi ìwé hàn mí. Kò sí ìwé. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù dání, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Nígbà tó yá ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. A gbá a láìní òun, wọ́n borí wa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ lọ síbi ìdíje kankan mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi gbà á padà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nítorí náà, bí bàbá tó kọ lẹ́tà bá sọ pé híjáàbù ń dá ọmọ dúró, mo mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tó dá ọmọ mi dúró lọ́jọ́ yẹn. Òun àti híjáàbù rẹ̀ ti gbá odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láàárọ̀. Ẹnu ènìyàn kan tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ló dá a dúró.

Fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ń ka èyí, ohun tí òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sọ kò le rárá. Òfin kẹrin ni, èyí tó dá lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀. Ìbòrí lè jẹ́ dúdú tàbí kí ó bá àwọ̀ jẹ́sì mu. Gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nínú ikọ̀ kan náà, àwọ̀ kan náà ni kí wọ́n wọ̀. Kò gbọ́dọ̀ so mọ́ jẹ́sì. Kò gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè pa ẹni tó wọ̀ ọ́ tàbí ẹlòmíràn lára, bíi ìdè tó ń ṣí tó ń pa mọ́ ọrùn. Kò gbọ́dọ̀ ní ibi tó yọ síta tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó tán. Híjáàbù ńlá tí a fi ń lọ sí ilé kéú, tí a fi pín-ìnnì há mọ́ àgbọ̀n, kò bá òfin yìí mu, èmi fúnra mi kì í jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ sórí pápá, torí pé abẹ́rẹ́ abẹ́rẹ́ ni, ó lè gún ènìyàn lójú. Télọ̀ kan ládùúgbò wa ló ń bá wa rán ti pápá. Aṣọ tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń rán jẹ́sì, ló ń lò. Ó ń wọ orí bíi fìlà, ó ń dé ọrùn, etí rẹ̀ ń wọ inú jẹ́sì. Ooru rẹ̀ kò pọ̀. A ní dúdú, a sì ní aláwọ̀ ewé tó bá jẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ wa mu.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí n gbójú fò. Bí mo ṣe ń jà pé kí wọ́n má fipá ṣí orí ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni n kò fẹ́ kí wọ́n fipá bò ó. Nínú ikọ̀ Mòrókò tí mo ń sọ yìí, Benzina bo orí, Ghizlane Chebbak tó jẹ́ balógun wọn kò bò ó, Jraïdi tó gbá góòlù wọlé kò bò ó. Ikọ̀ kan ni wọ́n, wọ́n sì dì mọ́ra wọn nígbà tí góòlù wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ tèmi náà rí. Àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí kò bo orí wà níbẹ̀. Àwa ará Ìwó mọ irú wàhálà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù dá sílẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọdún 2016, n kò fẹ́ tún egbò yẹn tú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022 nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó. Lórí pápá tiwa, àwọn ọmọ kò bá ara wọn jà nítorí rẹ̀ rí. Àgbà ló ń jà.

Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2023, Faransé àti Mòrókò pàdé ní Adelaide nínú ìpele ẹlẹ́ni 16. Faransé fi góòlù 4 sí òdo borí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ní Faransé ti fọwọ́ sí i pé àjọ bọ́ọ̀lù wọn lè máa dá àwọn obìnrin tó bo orí dúró nínú ìdíje wọn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Mùsùlùmí kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ló gbé ẹjọ́ náà lọ. Ìyẹn ni pé obìnrin tó bo orí lè bá Faransé gbá nínú Ife Àgbáyé, ṣùgbọ́n kò lè gbá fún ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí Òlíḿpíìkì dé Paris ní ọdún 2024, bákan náà ni wọ́n ṣe fún àwọn eléré ìdárayá tiwọn. Èmi kò gbà pé ó tọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ìtàn tiwọn àti ìdí tí wọ́n fi ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba, àmọ́ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa owó, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé aṣọ orí ló sọ Mòrókò di alágbára. Ní ọdún 1998, nígbà tí ife Áfíríkà àwọn obìnrin wáyé lórílẹ̀-èdè wa níbí, góòlù 8 sí òdo ni àwọn Super Falcons fi na Mòrókò. Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé yín á rántí, Abẹ́òkúta la ti gba ife náà. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Rabat, Mòrókò ló já wa kúrò nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, pẹnáríntì ni wọ́n fi borí lẹ́yìn tí a ti gbá ọ̀mì 1 sí 1, tí rẹfirí sì ti lé méjì jáde nínú tiwa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì yìí ni pé àjọ bọ́ọ̀lù wọn jókòó, wọ́n náwó. Láti ọdún 2020 ni líìgì àwọn obìnrin wọn ti di ti ìpele méjì, tí wọ́n ń san owó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀. Inú líìgì yẹn ni Benzina ti jẹun. Òbí tó bá rí i pé ọmọ òun ń gba owó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù kò ní bá a jà lórí aṣọ.

A ti gba tiwa padà, mo mọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, nínú àṣekágbá ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní Rabat kan náà, Mòrókò gbá méjì wọlé kí ìdajì eré tó pé, Chebbak ló gbá èyí àkọ́kọ́. Esther Okoronkwo gbá pẹnáríntì wọlé fún wa, Folashade Ijamilusi dá a padà sí ọ̀mì, Jennifer Echegini sì parí ẹ̀ 3 sí 2. Gbogbo àdúgbò wa ló pariwo lóru ọjọ́ yẹn. Inú mi dùn dé ìdí. Àmọ́ nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Olóòtú, “àwọn obìnrin Mòrókò” lásán ni ẹ pè wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kò dárúkọ Chebbak, ẹni tó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú ìdíje náà, góòlù 5, ẹni tí bàbá rẹ̀ Larbi Chebbak wà lára àwọn tó gba ife Áfíríkà fún Mòrókò ní ọdún 1976. Òun àti Asisat Oshoala tiwa ló sì jọ wà ní Al-Hilal ní Sáúdí Arébíà ní ọdún náà. Bí àwọn òǹkàwé kò bá mọ orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí, báwo ni bàbá tó kọ lẹ́tà sí yín ṣe máa mọ̀ pé Benzina wà?

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ máa kọ ọ́. Ẹ kọ nípa bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọ nípa háńdíbọ́ọ̀lù àti basikẹ́tìbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ẹ dárúkọ wọn, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti wá.

Sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje ilé ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀bẹ̀ tèmi kò pọ̀. Ẹ kọ òfin ìbòrí sílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo eré, kí ẹ fún olùkọ́ àti rẹfirí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè gbé e lé orí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí mo kọ sókè yẹn. Ojú ìwé kan kò ní kún.

Sí bàbá tó kọ lẹ́tà, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ọmọ ọmọ obìnrin ní Ìwó níbí, àwọn ọmọ mi máa ń wà lórí pápá ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́rú lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Ẹ mú un wá. Télọ̀ wa á wọn orí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ eré ìdárayá kan,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.